Àwọn Ọmọ Òfuurufú àti Àga Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí. Òjò ti dá, ilẹ̀ ti ń gbẹ, igi máńgòrò yìí sì ti ta ìbòòji fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó gbé rédíò dání pa á, nítorí kò sí ìròyìn kan tó máa sọ tó lè tó èyí tí mo gbé wá. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ alágbàfọ̀ tó ń kùn lódìkejì títì yẹn sílẹ̀, ẹ má bú u, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìwọ Sàlámì, dìde lórí àga yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́, ṣùgbọ́n àga yẹn ní ẹni tó ni ín. Lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Tí mo bá sọ̀rọ̀ mi tán, ìwọ fúnra rẹ ni yóò dúpẹ́ pé mo lé ọ dìde.

Èmi Ògúndáre ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, tí ẹfọ̀n ń rí tó ń yà fún lọ́nà, tí iwin ń gbúròó ikọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Mákànjúọlá olórin ni. Èyí tí ojú mi rí ni màá sọ, èyí tí ojú mi kò sì rí, ẹnu Mákànjúọlá ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí inú ọkùnrin yẹn kì í gbé ọ̀rọ̀ sùn.

Nígbà náà, ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ló wà lóde, irun orí ọkùnrin sì tóbi ju agbọ̀n aláta lọ. Àwọn mẹ́ta kan wà ní ìlú Ayékalẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àwọn Ọmọ Òfuurufú. Mákànjúọlá ló ń ta gìtá. Ṣùbúọlá, obìnrin tí ohùn rẹ̀ lè jí ọ̀lẹ lójú oorun, ló ń tẹ dùùrù oníná tó sì ń kọrin. Tìámíyù, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó ní irùngbọ̀n títí dé àyà, ló ń lu ìlù. Orin wọn kì í ṣe orin ìyìn olówó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orin ìgbéyàwó. Orin ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò tíì tẹ̀ ni, orin òṣùpá, orin ìràwọ̀, orin ọkọ̀ tó gbéra nílẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ. Bí Mákànjúọlá bá ta okùn kan báyìí, ohùn náà á fẹ̀, á yí po, á kọrí sójú sánmà, á tún padà wá bi ọ́ léèrè bóyá o ti jẹun. Ojú mi ló ṣe nígbà tí fìlà Bàbá Alágbẹ̀dẹ gbéra lórí rẹ̀ tó ń fò káàkiri ọgbà ọtí tí wọ́n ti ń ṣeré. Ewúrẹ́ kan jó gun òrùlé, ó sì kọ̀ kò sọ̀kalẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin mìíràn.

Wọ́n ní àṣà kan. Àwọn olórin yòókù a máa gbé jẹnẹrétọ̀ pamọ́ sẹ́yìnkùlé kí ariwo rẹ̀ má ba orin jẹ́, ṣùgbọ́n àárín agbo ni tiwọn máa ń wà. Tìámíyù á tàn án, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á máa kùn pẹ̀lú rẹ̀ títí ohùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti ẹ̀rọ á fi di ọ̀kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni Ṣùbúọlá á gbé àga kékeré kan síwájú, àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé, á sì fi oríkì pe ohùn tí wọ́n jọ bí. Á ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ iná, ọmọ òfuurufú, wá jókòó." O ò ní rí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ tí àga náà á dún kẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orin tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí orin kan fi gba ìlú kan. "Ọkọ̀ Ojú Sánmà" ni orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn orin yìí débi pé wọn kò fẹ́ gbọ́ òmíràn mọ́. Bí Ṣùbúọlá bá fẹ́ fi ohùn tuntun sí i, wọ́n á kùn. Bí Tìámíyù bá yí ìlù padà, wọ́n á ní kó dá a padà síbi tó wà. Mákànjúọlá, tí ìyìn ti gùn bí ẹmu òwúrọ̀, wá ṣe ohun kan tó jẹ́ pé olórin nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀. Ó yọ́ ìda, ó fi lẹ gbogbo kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn lára ẹ̀rọ agbóhùnsókè gìtá rẹ̀, kí ohùn Àwẹ̀ró lè dúró síbi kan náà títí ayé. Ṣùbúọlá kìlọ̀ fún un pé ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ó dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń tún ohun tó dára ṣe.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí wọ́n ṣe pe Àwẹ̀ró tán, àga dún, ó mì, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Ohun kan fẹ́ kọjá létí gbogbo wa bí atẹ́gùn, ó gba àárín páànù òrùlé jáde, ó lọ. Mákànjúọlá ta gìtá, ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná ha pòròpórò àgbàdo. Jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n, kò kùn. Àwọn èèyàn rò pé eré ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n gbé àga wọn, wọ́n lọ sílé.

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá, nítorí ta ló tún kù ní Ayékalẹ̀ tó mọ ọ̀nà ibi tí kò lọ́nà? Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní ohùn tó bá sá nílé, Ìlú Ìràwọ̀ ló ń lọ. Bí wọ́n bá ti gbà á sọ́hùn-ún, wọ́n á kó agbo ìsọmọlórúkọ jọ, wọ́n á fún un lórúkọ tuntun, ọjọ́ tó bá sì jẹ́ orúkọ náà, kò ní dáhùn sí ti àtijọ́ mọ́ láéláé. Mákànjúọlá bú sẹ́kún. Ó ní òun kò rí ọmọ bí, òun kò rí ilé kọ́, Àwẹ̀ró nìkan ni ohun tí òun lè nawọ́ sí láyé yìí pé tòun ni. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ òun, òun kò mọ ẹni tí òun máa jẹ́ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe mú ọ̀nà pọ̀n. Mákànjúọlá gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn. Ṣùbúọlá gbé àga kékeré yẹn lérí. Tìámíyù fi ìlù kọ́ èjìká, ó ru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìda lẹ̀. Ta ló ru jẹnẹrétọ̀? Èmi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi orí kan ru ẹfọ̀n tòun ti ìbínú rẹ̀, kí ni jẹnẹrétọ̀ jámọ́ lójú rẹ̀?

Igbó Ìdákẹ́ la kọ́kọ́ wọ̀. Ní igbó yìí, igi ń wó, kò dún. Tìámíyù húkọ́, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò sí nǹkan kan. Mo yìnbọn sókè láti fi dẹ́rù ba ohun tó wù kó wà níbẹ̀, èéfín jáde, ọta ìbọn bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi bí ìgbà tí ìtijú mú un. Èyí tó burú jù ni pé ìjálá mi kò jáde. Odidi ọdẹ bíi tèmi rìn nínú igbó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìrí ẹnu yin ara rẹ̀. Mo ti rí ìyà láyé, n kò rí irú ìyẹn rí.

Àárín igbó náà la ti bá Etíbora, oní-igbó ọ̀hún. Etí ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo ariwo tó bá bọ́ sínú igbó náà ló ń gbé mì, ikùn rẹ̀ sì rí gbẹ̀ǹdu, ẹ ó máa gbọ́ odó, àrá àti àkùkọ tó ń kọ nínú rẹ̀. Ó ya ẹnu, ó pọ ohùn wa padà fún wa, ó ní òun máa pa àlọ́ kan. Ẹni tó bá gbà á, kó kọjá. Ẹni tó bá ṣì í, òun á gba ohun kan tó ń dún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó kún inú ilé, adìẹ kò rí i ṣà. Kò lẹ́sẹ̀, ó dé oko ṣáájú ẹni tó rán an."

Mákànjúọlá kò jẹ́ kó pa ẹnu dé. Ó ní èéfín ni. Etíbora mi orí, gbogbo etí ara rẹ̀ sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Ó wò wá yí ká, ó na ọwọ́ sí mi, ó sì gba ìhanrun mi lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò hanrun mọ́, ìyàwó mi sì ń fi Etíbora sínú àdúrà títí dòní. Ṣùbúọlá ló wá fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé ohùn ni. Etíbora yà lọ́nà fún wa, ṣùgbọ́n bí Mákànjúọlá ṣe ń kọjá, ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí o sọ nù ni mo fi pa àlọ́ fún ọ, o kò sì dá a mọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí dun Mákànjúọlá wọ eegun.

Bí a ṣe jáde, a bọ́ sí Ìlú Àná. Ẹ̀yin tèmi, bí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n ti mọ èèyàn yìn, ẹ lọ sí Ìlú Àná. Oúnjẹ àná ni wọ́n ń jẹ, ìkíni àná ni wọ́n ń kí ara wọn. Bí èèyàn bá fẹ́ sín, wọ́n á ti kí i kó tó sín. Bí wọ́n ṣe rí Mákànjúọlá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní kó kọ "Ọkọ̀ Ojú Sánmà" fún àwọn. Ó gbé gìtá, ó ta á, gìtá sì dún. Ó dún bó ṣe máa ń dún gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Ọkùnrin náà fò sókè. Ó ní ìrìn ti parí, òun ti rí Àwẹ̀ró, ibí yìí ni òun máa kọ́lé sí. Bó bá kọ ọ́ tán, wọ́n á ní kó tún un kọ, á sì tún un kọ. Inú rẹ̀ dùn débi tí kò fi wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́.

Nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀ sí wa, ara wa ń padà sí bó ṣe rí nígbà èwe. Irùngbọ̀n Tìámíyù kúrú, ó sì parẹ́. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan lu ìlù, ó fi ìkejì di ìgbátí mú. Eyín tí egungun ìmàdò ti ká lẹ́nu mi hù padà. Ká sòótọ́, ìyẹn kò dùn mí. Ṣùbúọlá ló gbé àga sílẹ̀ láàárín agbo, ó fi oríkì pe Àwẹ̀ró, ó sì tẹ́tí. Àga kò dún. Ó pè é títí, àga kò dún.

Ó lọ bá Mákànjúọlá, ó ní kó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ han òun. Mákànjúọlá wo orí ìka rẹ̀. Awọ líle tí okùn gìtá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún hù sí i níbẹ̀ ti lọ, ìka náà rọ̀ bí ti ìkókó. Ó gbìyànjú láti ta orin kan tó kọ́ lẹ́yìn "Ọkọ̀ Ojú Sánmà", kò rántí ibi tí ìka ń lọ. Ìgbà náà ló tó gbọ́ pé àwọn ará ìlú náà ti ń pàtẹ́wọ́ kí òun tó ta okùn kankan. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó gbé gìtá, ó sáré, a sáré tẹ̀lé e, Tìámíyù ń fa ṣòkòtò bọ̀ lẹ́yìn. Bí a ṣe kọjá bodè, eyín mi bọ́, irùngbọ̀n tiẹ̀ padà.

Ọ̀nà tán lórí òkè kan, ojú sánmà ló kù níwájú wa. Mo sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀, Tìámíyù da gbogbo bẹntiróò tó kù sínú rẹ̀, ó tàn án. Kò kùn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ gùn lọ sókè ṣánṣán bí òpó ilé. Èéfín yẹn la gùn. Èmi gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń yọ èéfín lérí, mo sì gun èéfín tó ń yọ lórí mi. Sàlámì, mo rí bí o ṣe ń wò mí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹni tí kò bá gbà kó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé ẹnu ibodè Ìlú Ìràwọ̀, ó ti rẹ̀ mí. Obìnrin gíga kan dúró síbẹ̀, ó wé gèlè aláwọ̀ sánmà, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín. Ó bá mi sọ ẹrù kalẹ̀ bí ẹni tó mọ ẹrù náà, ó sì ń kùn lábẹ́ ahọ́n bó ṣe ń ṣe é. Mákànjúọlá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ìyá, ó sì bi í bóyá ó rí ọmọdébìnrin kékeré kan. Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní àwọn ọmọdé pọ̀ nínú ìlú, kó wọlé lọ wò.

Baálẹ̀ Ìràwọ̀ jẹ́ bàbá kúkúrú tí ìmọ́lẹ̀ orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní agbo ìsọmọlórúkọ ti pé, omi, iyọ̀ àti oyin ti wà nínú àwo, ẹni tó bá ní ohùn tirẹ̀ níbẹ̀ kó pè é kí oyin tó kàn án lẹ́nu. Àwọn ohùn tò kalẹ̀ lọ súà, àwọn mìíràn kéré bí ìka, àwọn mìíràn ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mákànjúọlá rí ọmọdébìnrin kan tó ń kọ "Ọkọ̀ Ojú Sánmà" láìṣì ẹyọ kan. Ó sáré dì mọ́ ọn. Ọmọ náà fọ́ sí eérú lọ́wọ́ rẹ̀. Baálẹ̀ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé gbohùngbohùn lásán ni ìyẹn, kì í ṣe ohùn, ó sì gbé àwo oyin.

Mákànjúọlá wo apá rẹ̀ tó kún fún eérú, ó sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rántí pé látìgbà tí a ti gbéra nílé, a kò tíì pa ohùn pọ̀ kùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó pe Àwẹ̀ró. Ó ní kí Tìámíyù tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n bẹntiróò ti tán nínú rẹ̀. Ó bá gbé gìtá sílẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kùn bíi jẹnẹrétọ̀. Kò dùn ún gbọ́. Ó há, ó ń wárìrì, ẹkún wà nínú rẹ̀. Tìámíyù bá a kùn, Ṣùbúọlá bá a kùn, èmi tí n kò kọrin rí láyé mi àfi ìjálá, mo bá wọn kùn títí ohùn wa fi di ọ̀kan. Ṣùbúọlá gbé àga kékeré síwájú. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ iná, ọmọ òfuurufú, wá jókòó."

Obìnrin gíga tó wà lẹ́nu ibodè gba àárín agbo kọjá, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dé ibi àga, ó jókòó lé e. Àga náà dún kẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fọ́ túútúú. Obìnrin náà ṣubú fìdí balẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìràwọ̀ ìlú sì ń tàn, wọ́n ń kú, wọ́n ń tàn, nítorí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Mákànjúọlá sún mọ́ ọn. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ìwọ nìyí? O ti dàgbà."

"Mo ti ń dàgbà láti ilé, bàbá mi. Ìda tí ẹ fi lẹ ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ."

"Wọn ò ní dá ọ mọ̀ ní Ayékalẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ò dá mi mọ̀ lẹ́nu ibodè. Mo bá yín sọ ẹrù, ẹ pè mí ní ìyá." Ó gbọn eruku ìdí rẹ̀. "Tí ẹ bá fẹ́ ọmọ kékeré yẹn, ẹ padà sí Ìlú Àná, ó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ èmi, màá tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ṣe mọ̀ mí tán, màá ti yí padà."

Mákànjúọlá jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkàn òun kọ́kọ́ fẹ́ ọmọ kékeré yẹn, òun fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ó yá ọ̀bẹ ìdí mi, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tí Tìámíyù rù wá, ó sì ha ìda kúrò lára gbogbo kókó rẹ̀. Bí ìda ṣe ń bọ́, Àwẹ̀ró ń gbé ohùn sókè. Ohùn náà jinlẹ̀, ó nípọn, omi òjò wà nínú rẹ̀, Igbó Ìdákẹ́ pàápàá wà nínú rẹ̀. Baálẹ̀ gbé àwo oyin kúrò, ó ní ẹni tó ní orúkọ kò gba orúkọ.

Àwẹ̀ró bá wa sọ̀kalẹ̀ padà sí Ayékalẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọgbà ọtí kún fọ́fọ́. Wọ́n ń pariwo "Ọkọ̀ Ojú Sánmà". Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n kùn, Ṣùbúọlá gbé àga tuntun tí káfíńtà kàn, àga tó fẹ̀, síwájú, ó sì dún bí ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó. Mákànjúọlá wá ta ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Àwọn kan dìde, wọ́n lọ. Mo rí òógùn lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bó bá fi lè padà sí orin àtijọ́ báyìí, páànù òrùlé á tún ṣí, Àwẹ̀ró á sì tún lọ.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Mákànjúọlá, ọmọ mi, èyí kọ́ ni mo wá gbọ́. Níbo ni Àwẹ̀ró wa wà?"

Mákànjúọlá kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Bàbá, òun náà nìyí. Ó ti dàgbà ni."

Bàbá wo àga tó ṣófo náà. Ó tẹ́tí. Ó gbọ́ ìkùn àtijọ́ yẹn nísàlẹ̀, lábẹ́ gbogbo ohun tuntun. Ojú rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tó pàdé ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ti ìdálẹ̀ dé. Ó ní, "Káàbọ̀, Àwẹ̀ró. Má bínú, ojú mi ò tètè dá ọ mọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbogbo ọgbà sì bá a kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe fìlà ló gbéra. Bàbá fúnra rẹ̀ ni, tòun ti ọ̀pá, tòun ti bàtà, ó ń fò lọ lókè orí wa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti darúgbó báyìí, ṣùgbọ́n káfíńtà kò yéé kan àga, nítorí Àwẹ̀ró kò yéé yí padà. Èyí tí wọ́n kàn kẹ́yìn, wọ́n ní kí n bá wọn gbé e sọ́dọ̀, torí ó wu Àwẹ̀ró kó máa wá síbi tí wọ́n bá ti ń sọ ìtàn rẹ̀. Àga náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀ alágbàfọ̀ yẹn dáadáa. Ẹ bá a kùn díẹ̀, ẹ má tijú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ bí àga yẹn ṣe dún?

Àwẹ̀ró, ọmọ iná, káàbọ̀. Sàlámì, di gbòǹgbò yẹn mú.